Bí Kọ̀ǹpútà Yín Bá Kọ̀ Tí Kò Dìde: Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Pa Ohun Inú Rẹ̀ Rẹ́

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé lójú ewé yìí, firíìjì, sítóòfù, omi kànga àti àpótí oògùn la sábà máa ń mẹ́nu bà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà ti di ohun èlò ilé. Òun ni ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ iléèwé, òun ni ìyá fi ń ṣírò owó ọjà, inú rẹ̀ náà ni àwòrán ìsọmọlórúkọ àti ti ìsìnkú àwọn àgbà wà. Ọjọ́ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá kọ̀ tí kò dìde, ọkàn kì í balẹ̀ nínú ilé. Lẹ́tà kan tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ ló jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà wá síbí lónìí.

Abilékọ kan ló kọ ọ́. Ó ní ọmọ òun obìnrin wà ní ọdún àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló sì kù kó kó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ fún olùkọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ náà tàn, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é jáde, àwọn ẹ̀kán funfun kéékèèké sì ń yí po lójú rẹ̀. Ó ń yí, ó ń yí, kò kọjá ibẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fún ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Onítọ̀hún kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún nídìí rẹ̀ tó fi ní kí wọ́n mú owó wá, pé òun máa fọ́máàtì rẹ̀. Abilékọ náà wá bi mí pé: "Nọ́ọ̀sì, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ọ̀nà mìíràn? Àwòrán bàbá rẹ̀ tó di olóògbé wà nínú ẹ̀rọ yìí, a kò ní òmíràn níbì kankan."

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, kí wọ́n fọ́máàtì kọ̀ǹpútà túmọ̀ sí pé kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n wá to nǹkan tuntun sí i. Nǹkan tó dára ni láyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló yẹ kó kẹ́yìn, kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Mo ní kí abilékọ náà tètè lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ná. Ẹ̀rọ tó kọ̀ tí kò dìde kò túmọ̀ sí pé ẹrù inú rẹ̀ ti ṣègbé. A lè ra ẹ̀rọ mìíràn lọ́la, ṣùgbọ́n a kò lè ra àwòrán òkú lọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tó bá a dé

Bí wọ́n bá gbé ẹni tó dákú wọ ilé ìwòsàn, a kì í kọ́kọ́ sáré gbé abẹ. A ó pè é bóyá ó máa dáhùn, a ó wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń mí, a ó fọwọ́ kan ibi tí iṣan ti ń lù. Ohun tí a bá rí ni yóò sọ ohun tí a máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló yẹ kí ẹ ṣe sí kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, nǹkan mẹ́rin ló máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àkọ́kọ́, iná á wọ inú rẹ̀. Ìkejì, ẹ̀rọ náà á yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá RAM, tí í ṣe iyè tó fi ń ronú, àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ yòókù wà ní pípé. Ìkẹta, á wá hard disk, ìyẹn àpótí tí gbogbo iṣẹ́ àti àwòrán yín wà. Ìkẹrin, á gbé Windows jáde láti inú àpótí náà. Ibi tó bá dúró sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa sọ irú àìsàn tó ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ló dúró sí, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe ẹrù inú àpótí rárá. Ẹni tó bá ní kí a fọ́máàtì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó ń fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ ní oògùn ibà.

Bí kò bá tilẹ̀ tàn rárá

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì tí ẹ kò rí iná kankan, tí ẹ kò gbọ́ ìró fáànù, ọ̀rọ̀ iná ni. Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Ẹ ki nǹkan mìíràn bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà, bí i ṣájà fóònù, kí ẹ mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Ẹ wo waya láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bóyá eku ti gé e jẹ. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò ní ilẹ̀ wa ní fíúùsì nínú, bí fíúùsì yẹn bá ti jó, ẹ̀rọ kò ní tàn bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tún máa ń ní bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́yìn, lẹ́bàá ibi tí waya ti wọlé. Ọmọdé tàbí ìgbálẹ̀ lè ti pa á láìmọ̀.

Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́ díẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ lè rí bọ́tìnnì pupa kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230. Bí bọ́tìnnì náà bá wà lórí 115, ẹ má ki ẹ̀rọ náà bọ iná, nítorí á jó lójú ẹsẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í ní wàhálà yìí, torí pé ọ̀pọ̀ ṣájà wọn ni wọ́n kọ 100-240V sí lára, ìyẹn ni pé ó lè gba iná ìlú méjèèjì.

Fún alágbèéká, oògùn kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé yọ, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ìyẹn á fa ìyókù iná tó há sínú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ṣájà nìkan bọ̀ ọ́ láìsí bátìrì, kí ẹ tún un tẹ̀. Bí ó bá tàn, bátìrì ló ń dà á láàmú. Bí bátìrì rẹ̀ kò bá ṣeé yọ, ẹ yọ ṣájà nìkan kí ẹ sì ṣe bákan náà.

Bí ẹ bá fẹ́ yá ṣájà aládùúgbò láti fi dán an wò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Iye V tó wà níbi tí wọ́n kọ OUTPUT sí gbọ́dọ̀ bá ti yín mu, iye A rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí ti yín. Pé ẹnu rẹ̀ wọ ihò kò túmọ̀ sí pé ó bá a mu.

Èèwọ̀ kan wà níbi yìí o. Àpótí onírin tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ má ṣe tú u. Iná máa ń dúró sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ waya, ó sì lè gbé ènìyàn ṣubú. Bí ó bá ti kú, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Bí fáànù bá ń yí, ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ dúdú

Èyí ti kọjá ti iná. Ẹ̀rọ ń mí, kò kàn lajú ni. Lọ́sàn-án, ẹ gbé e sí ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá ń rí ìwé fírífírí lábẹ́ òkùnkùn náà, ara ẹ̀rọ náà le, iná ojú rẹ̀ ló kú. Ẹ lè so alágbèéká náà mọ́ mọ́nítọ̀ tàbí tẹlifíṣọ̀n tó ní ihò HDMI. Bí àwòrán bá jáde níbẹ̀, ẹ kó ẹrù yín jáde ní kíákíá, kí ẹ wá gbé e lọ fún àtúnṣe ojú.

Bí ojú bá dúdú tí ẹ̀rọ sì ń dún "bíìpù, bíìpù", ẹ̀rọ náà ń ké irora ni. Ẹ ka iye ìgbà tó dún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá ó gùn tàbí ó kúrú. Ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n RAM tó ti mì kúrò lójú ihò ló sábà máa ń fà á. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, èyí kò ṣòro. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná pátápátá, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí mànàmáná ara yín lè lọ sílẹ̀, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ẹ yọ RAM náà jẹ́jẹ́, ẹ fi rọ́bà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń pa ìwé rẹ́ nu ibi aláwọ̀ wúrà rẹ̀, kí ẹ gbọn ìdọ̀tí rẹ̀ nù, kí ẹ wá tì í padà títí etí rẹ̀ méjèèjì á fi dún "pá". Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá gbà á, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kó dúró tì í.

Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ wo inú rẹ̀. Eruku, aáyán, èèrà àti ọmọńlé tó kú sínú fáànù máa ń mú kí ẹ̀rọ gbóná, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé alágbèéká sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù, imú rẹ̀ lẹ ń dí yẹn. Orí tábìlì tàbí pákó pẹlẹbẹ ló yẹ ẹ́.

Bí ó bá ní òun kò rí ohun tí òun máa gbé dìde

Nígbà mìíràn, ìwé funfun kan á jáde lójú dúdú pé "No Bootable Device", "Boot Device Not Found" tàbí "Operating System Not Found". Ẹ má fòyà. Ohun tó ń sọ ni pé òun wá àpótí ìpamọ́ òun, òun kò rí Windows níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo ohun tó rọ̀ mọ́ ọn lára: flash, káàdì fóònù, àwo CD, okùn ìtẹ̀wé. Àìmọye ìgbà ni ẹ̀rọ máa ń lọ wá Windows lórí flash tí ọmọ gbàgbé sára rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ pa á, ẹ tún un tàn.

Bí ó bá ń sọ pé "CMOS Checksum Error", tó ní kí ẹ tẹ F1, tí ọjọ́ àti aago rẹ̀ sì ti padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì kékeré róbótó bí owó ẹyọ ló ti kú. CR2032 ni orúkọ rẹ̀, iná rẹ̀ jẹ́ volt 3. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ àti ètò rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀ tán, ẹ tún ọjọ́ ṣe, nítorí bí ọjọ́ kò bá pé, ọ̀pọ̀ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì kò ní ṣí fún yín.

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ tẹ́tí. Bátìrì róbótó yìí lè pa ọmọdé. Bí ọmọ bá gbé e mì tó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí jó ẹran ara ibẹ̀ láàárín wákàtí 2, kódà bátìrì tó ti kú fún kọ̀ǹpútà ṣì ní agbára tó lè ṣe é. Ọmọ náà lè máa da itọ́, kó máa bì, tàbí kí àyà máa dùn ún, ó sì lè má fi àmì kankan hàn. Bí ẹ bá fura, ẹ má fi ọwọ́ kì í lọ́fun pé kó bì, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má sì fún un ní epo pupa. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ni kí ẹ gbé e sáré lọ. Bí ọmọ náà bá ti lé ní ọdún kan, tó lè gbé nǹkan mì, tí kò sì tíì pé wákàtí 12 tó gbé e mì, ẹ lè fún un ní oyin ṣíbí tíì 2 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá lójú ọ̀nà, kó má kọjá ìgbà 6. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fi oyin kan ẹnu. Ẹ má sì torí oyin dúró sílé. Bátìrì tí ẹ bá yọ, ẹ fi téèpù dì í kí ẹ tó sọ ọ́ nù síbi tí ọwọ́ ọmọ kò tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá ti yọ flash, tí ìwé yẹn ṣì ń jáde, ẹ fi etí sí ara ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá ń gbọ́ "kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́" láti inú rẹ̀, hard disk ló ń kú lọ. Ẹ pa ẹ̀rọ náà kíá, ẹ má sì tàn án mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún un tàn ni ẹ ń dá kún ọgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ nípa kíkó ẹrù jáde nínú hard disk ni kí ẹ wá lọ.

Bí ó bá há sójú Windows

Ibi tí ẹ̀rọ ọmọ abilékọ yẹn dúró sí nìyí. Iná wà, ojú là, ó rí àpótí, Windows ni kò lè jáde. Ohun àkọ́kọ́ ni sùúrù. Bí ó bá kọ ọ́ sójú pé òun ń ṣe "updates", pé kí ẹ má pa òun, ẹ fi í sílẹ̀ lórí iná. Ó lè lo wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó kú láàárọ̀ jẹ́ èyí tí iná lọ lára rẹ̀ lóru ibi tó ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí ó bá hàn pé ó ti há, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí á fi kú, kí ẹ tún un tàn. Bí Windows 10 tàbí 11 bá gbìyànjú láti dìde ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta tí kò ṣeé ṣe, òun fúnra rẹ̀ á mú ojú ewé aláwọ̀ búlúù kan wá tí wọ́n kọ "Automatic Repair" sí. Níbẹ̀, ẹ yan "Advanced options", lẹ́yìn náà "Troubleshoot", "Advanced options", kí ẹ wá tẹ "Startup Repair". Á gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe, kò sì ní fọwọ́ kan fáìlì yín. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ padà síbẹ̀, ẹ yan "Startup Settings", ẹ tẹ "Restart", kí ẹ wá tẹ nọ́ńbà 4. "Safe Mode" ni wọ́n ń pe èyí. Windows á dìde pẹ̀lú ìwọ̀nba agbára díẹ̀, bí aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mu ẹ̀kọ. Lórí Windows 7 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, F8 ni ẹ máa tẹ̀ léraléra kí àmì Windows tó yọ.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ kó ẹrù yín sórí flash kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yọ ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí i kẹ́yìn kó tó ṣàìsàn.

Ẹ tún máa rí "Reset this PC" níbẹ̀. Ẹ ka ohun tó bá kọ dáadáa. "Keep my files" máa fi ìwé àti àwòrán yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n á yọ àwọn ètò tí ẹ kó sí i. "Remove everything" máa kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìka kan péré ló wà láàárín méjèèjì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ní kí ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ "BitLocker", nọ́ńbà 48 ni. Ẹ fi fóònù wọ inú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí ẹ̀rọ náà, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà. Láìsí nọ́ńbà yìí, kò sẹ́ni tó lè ka ohun inú àpótí náà.

Ní ti ọmọ abilékọ yẹn, "Startup Repair" kò ṣiṣẹ́, "Safe Mode" náà kò jáde. Wọ́n wá gbé e lọ fún ẹlòmíràn tó yọ hard disk rẹ̀, tó fi í sínú àpò kékeré kan tí wọ́n máa ń ki bọ ihò USB, tó sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Gbogbo ohun inú rẹ̀ ló jáde kedere, iṣẹ́ ìwádìí ọmọ àti àwòrán bàbá rẹ̀. Wọ́n dà á kọ sórí flash méjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fọ́máàtì ẹ̀rọ náà, ó sì dìde. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ ṣe náà ni wọ́n padà ṣe. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ti kó ẹrù jáde kí wọ́n tó wó ilé.

Bí ẹ bá ń gbé e lọ fún àtúnṣe

Ìbáà jẹ́ Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré ní òpópónà yín, àwọn tó mọṣẹ́ tó sì jẹ́ olóòótọ́ pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí kò bá sọ ibi tó ń dùn ún, oògùn tí kò bá a mu ni wọ́n máa fún un. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn kó tó kọ̀: ṣé ó já bọ́ ni, ṣé omi dà sí i, ṣé iná lọ lójijì? Ẹ fi fóònù ya àwòrán ohun tó ń kọ sójú rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kedere, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ìwé gbà-mí-sílẹ̀ wọn pé: "Ẹ má fọ́máàtì rẹ̀ láìpè mí."

Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara rẹ̀ àti ìwọ̀n RAM rẹ̀ sílẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ọ̀tọ̀ lèyí tí ẹ gbé lọ, ọ̀tọ̀ lèyí tí ẹ gbé bọ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ nǹkan kan, ẹ gba ògbólógbòó rẹ̀. Bí ẹ bá ní láti fún wọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ yí i padà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á.

Ẹ má fi ẹ̀mí dí i

Mo ti rí ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá lóru nítorí pé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí kílẹ̀ tó mọ́. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní gáàsì kan nínú tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ẹni tó bá ń sùn á gbọ̀n ọ́n símú, kò sì ní jí. Ìta gbangba ni ibùjókòó jẹnẹrétọ̀, jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí ẹ bá ṣàkíyèsí pé ìsàlẹ̀ alágbèéká yín ń wú, tí kò jókòó pẹlẹbẹ mọ́, tàbí tí ibi tí ẹ ń fọwọ́ fà lójú rẹ̀ ti gbé sókè, bátìrì rẹ̀ ló ń wú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lórí iná, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó lè gbiná, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ọ́ fún yín.

Oògùn tó dára jù

Ẹ̀yin ará mi, gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí á fúyẹ́ lọ́rùn yín bí ẹ bá ní ẹ̀dà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tó bá ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kó wà níbi mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí flash tàbí hard disk àgbékiri tí ẹ máa ń yọ tí ẹ sì ń tọ́jú, ọ̀kan jìnnà sílé, bí i kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín tàbí kí ẹ gbé e sí Google Drive. Flash tó ń gbé lára kọ̀ǹpútà tọ̀sán-tòru kì í ṣe ẹ̀dà, nítorí bí olè bá gbé ọ̀kan, á gbé èkejì.

Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí alẹ́ ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ, kí ọmọ tó dàgbà jù nínú ilé máa ṣe é. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ó bá wá di ọjọ́ kan tí ẹ̀rọ náà kọ̀ tí kò dìde, ẹ ó lè jókòó tì í láìgbọ̀n, kí ẹ yẹ iná wò, kí ẹ yẹ ojú wò, kí ẹ yẹ àpótí wò.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Àlàáfíà ilé wa kò ní dàrú.